Alóre Fisáyọ̀mi àti Ìwé Gígùn Bàbá Àyànlọ́wọ̀

Ní Ìlódè, tí èèyàn bá ń béèrè Fisáyọ̀mi, ó lè pẹ́ kó tó rí i. Ṣùgbọ́n tó bá ní "Kílófàá dà?", ẹni tó ń sùn á lajú, á nawọ́ sí ilé wọn, á sì padà sùn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó gbogbo wọn lọ kí àwọn èèyàn wọn ní Edunabon. Ó ti pa iná, ó ti pa fáànù, ó ti pa fíríìjì. Fisáyọ̀mi lọ dúró síwájú mítà iná, ó ń wo irin pẹlẹbẹ tó máa ń yí nínú rẹ̀.

"Bàbá, a ti pa gbogbo nǹkan tán, àbí?"

"A ti pa á tán."

"Kí ló wá fà á tí eléyìí ṣì ń yí?"

"Kí ló fà á, kí ló fà á! Wọ mọ́tò, jàre!"

Etí ni wọ́n fi fà á wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé, ọmọ náà fi ojú tẹ̀lé wáyà láti ara mítà, ó kọjá lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gba abẹ́ igi gúáfà, ó wọ ojú fèrèsé Díákónì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó bá a lẹ́yìn fíríìjì. Tútù ni fíríìjì Díákónì, ẹja kún inú rẹ̀. Ohùn ìjọ ni Díákónì fi sọ̀rọ̀: "Ará, Ọlọ́run nìkan ló mọ bí wáyà yìí ṣe rìn débí." Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń pe ọmọ náà ní Kílófàá.

Ní báyìí, Kílófàá ti pé méjìdínlógójì. Obìnrin kúkúrú ni, awò ojú rẹ̀ máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń wá a kiri inú báàgì. Ilé ẹ̀rọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi bíìmù yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò.

Ẹ má sá lọ, ọ̀rọ̀ bíìmù ò le. Páìpù irin gbọọrọ ni wọ́n ní, ó gùn ju bọ́ọ̀sì méjì lọ, wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Láti orí kan, iná alágbára á máa ti àwọn nǹkan bíńtín kan sáré. Ojú ò lè rí wọn. Awò tí dókítà fi ń wo kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ò lè rí wọn. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ tó ń kó lọ síbi iṣẹ́. Ìtò yẹn ni bíìmù. Tó bá lọ kọlu iyẹ̀pẹ̀ oko tí wọ́n gbé sí orí kejì páìpù, iyẹ̀pẹ̀ á jẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ mìíràn tó ń tẹ́tí: "Irin wà nínú mi o! Òjé wà nínú mi o!"

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bíìmù ò mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òòfà ńlá kan ló ń tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ. Bí agbára òòfà yẹn bá dín bíńtín, bíìmù á yà bàrá, á dà bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Wọ́n fi kọ́ọ̀pù irin kan sí òpin páìpù kó máa gba bíìmù. Wáyà jáde lára kọ́ọ̀pù náà, ó wọnú mítà alábẹ́rẹ́ tó wà lórí tábìlì. Bí bíìmù bá dára, abẹ́rẹ́ á dúró ní àádọ́ta. Bó bá yà, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀.

Bàbá Àyànlọ́wọ̀ ló ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ yẹn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gègé aláwọ̀ aró kan wà nínú fìlà rẹ̀, ìwé gígùn kan wà níwájú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á wo abẹ́rẹ́, á fa gègé yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn: "Àá-dọ́-ta." Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ Fisáyọ̀mi wá ni kó máa tẹ ohun tó wà nínú ìwé gígùn sínú kọ̀ǹpútà. Àádọ́ta. Àádọ́ta. Àádọ́ta. Ẹ wo ẹni tó ń jẹ́ Kílófàá, tí wọ́n ní kó máa tẹ àádọ́ta fún ọdún méje!

Ọjọ́ kan ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀rọ, Pròfẹ́sọ̀ Adésọjí, tí gbogbo wọn ń pè ní Prófù. Prófù kì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ fọ ọ̀nà ọ̀fun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á tí kọ̀ǹpútà ò lè ka mítà fúnra rẹ̀?"

"Ẹ̀hẹ́ẹ̀ẹ̀m. Mádàámù, èyí tó ń kà á, tó bá ẹ̀rọ yìí wá láti òkè òkun, ó ti kú."

"Kí ló fà á tí a ò lè ṣe òmíràn?"

Prófù wò ó láti òkè awò. "Ẹni tó bá lè ṣe é, kó ṣe é."

Àwàdà ni Prófù ṣe. Fisáyọ̀mi ò gbọ́ ọ ní àwàdà. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ sọfitíwíà, látorí fóònù, látinú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ jẹun ọ̀sán. Ó wá rí pákó iná kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Pákó yẹn ń ka wáyà kọ́ọ̀pù ní ìgbà mẹ́wàá láàárín kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ń kó o fún kọ̀ǹpútà, sọfitíwíà á wá fà á ní ìlà sórí ojú kọ̀ǹpútà, á sì fi aago tó rí i sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ́ ní Alóre, torí pé alóre ló ń dúró sókè wo ọ̀nà nígbà tí ará ìlú bá ń jẹun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Alóre fi ṣiṣẹ́ kí ìjà tó dé. Ní Mọ́ńdè, Prófù tẹ́ ìwé méjì síwájú Fisáyọ̀mi. Èyí tó wá látinú ìwé gígùn Bàbá, ìlà rẹ̀ tọ́ bí rúlà. Ti Alóre náà tọ́, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni kòtò méjì ń wà lójú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ihò imú.

"Ẹ̀hẹ́ẹ̀ẹ̀m. Níbí yìí, aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá ní àádọ́ta. Alóre yín ní mẹ́tàdínlógún. Ìwé Bàbá ti wà láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Alóre, ọ̀sẹ̀ méjì. Mádàámù, ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Sà, bóyá àwọn méjèèjì..."

"Bóyá kọ́. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àbújá lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá a lè máa bá wọn yẹ iyẹ̀pẹ̀ oko wò. Mi ò ní gbé ẹlẹ́rìí méjì tó ń bá ara wọn jà síwájú wọn. Tí àwọn méjì yìí ò bá tíì sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa yọ wáyà Alóre. Ẹ ó padà sídìí títẹ̀."

Fisáyọ̀mi jáde. Etí rẹ̀ ń pariwo: àádọ́ta, àádọ́ta, àádọ́ta, títí wọ́n á fi sin ín.

Ní Túsìdè, ara Alóre ló kọ́kọ́ fura sí. Ó yọ wáyà kúrò lára kọ́ọ̀pù, ó so bátìrì rédíò mọ́ ọn, ó ní, "Máa ka bátìrì yìí títí dalẹ́, kí n rí ọ." Ìlà tọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí kòtò, kò sí ihò imú.

"Ó dáa," ó sọ fún kọ̀ǹpútà. "Ìwọ ò purọ́. Bíìmù ló ń ṣubú lóòótọ́. Kí ló fà á?"

Ó wá to gbogbo aago tí kòtò ti wà sílẹ̀. Gbogbo wọn ló wà ní nǹkan bí i aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ku mẹ́fà, ku márùn-ún. Àfi ọjọ́ Jímọ̀ méjèèjì. Ní Jímọ̀, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún un wò. Irú bíìmù wo ló mọ ọjọ́ Jímọ̀?

Ní Wẹ́sìdè, ó fa àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àyànlọ́wọ̀.

"Ṣé o wá kọ́ṣẹ́ ni?" ni Bàbá wí.

"Ẹ jẹ́ n jókòó tì yín díẹ̀, Bàbá."

"Jókòó. Ṣùgbọ́n má bi mí ní kí-ló-fà-á o, orí ń fọ́ mi."

Títí aago kan fi kù díẹ̀, abẹ́rẹ́ ò mira. Lójijì ló wálẹ̀, yọ́ọ̀ọ̀, bí orí ẹni tó ń tòògbé. Fisáyọ̀mi ò wo abẹ́rẹ́ náà. Ọwọ́ Bàbá ló ń wò. Bàbá fi gègé sílẹ̀. Ó na ìka méjì sí nọ́bù dúdú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, èyí tí wọ́n fi ń tún òòfà ṣe, ó yí i bí ìwọ̀n fọ́nrán irun kan.

"Wá o," ni Bàbá ń sọ fún abẹ́rẹ́. "Padà wá, ọmọ dáadáa. Má dójú tì mí. Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n!"

Abẹ́rẹ́ gun òkè padà. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó mú gègé. "Àá-dọ́-ta."

Fisáyọ̀mi nawọ́ sí abẹ́rẹ́. "Bàbá. Ó ṣubú."

"Mo rí i."

"Ẹ ò kọ ọ́."

"Ó ti dìde."

"Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ṣubú!"

Bàbá yíjú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí. Tí ara ọmọ rẹ bá gbóná lóru, tí o fún un lóògùn, tó fò dìde láàárọ̀, tí àwọn èèyàn wá ní 'ọmọ ńkọ́?', kí lo máa sọ?"

"Mo máa ní ọmọ wà."

"O ò ní ní 'ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú'?"

"Rárá o!"

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ kí n fi gègé mi kọ aburú sílẹ̀? Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò kọ ọ́. Tí nǹkan bá bàjẹ́, èèyàn a tún un ṣe, a wá kọ pé ó wà."

Fisáyọ̀mi fa àga rẹ̀ padà. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ìlódè ni òun náà. Ó ti rí ìdajì ìdáhùn, ìdajì náà sì burú. Bó bá lọ bá Prófù pé, "Sà, Bàbá ń fi ọwọ́ gbé abẹ́rẹ́ dìde kó tó kọ̀wé," Alóre á yè. Wọ́n á sì sọ pé irọ́ ni ìwé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta tí wọ́n máa dágbére fún bàbá tó ni ín. Bó bá sì panu mọ́, Alóre ti lọ nìyẹn.

Ó ku ìdajì kejì. Kí ló ń ti abẹ́rẹ́ yẹn ṣubú gan-an?

Ní Tọ́sìdè, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù, ó fi Alóre sílẹ̀ pẹ̀lú Bàbá, ó bọ́ síta. Ó ń rìn yí ilé ká, ó ń dẹ etí bí adìẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Iwájú ilé, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ ilé, ewúrẹ́ kan ń jẹ páálí. Bó ṣe kan ẹ̀yìn ilé báyìí ni nǹkan kan bú: *gbì-ì-ì-ì-ì!*

Pọ́ǹpù omi ni. Ìyá Fàòsíyà, obìnrin tó ń tọ́jú àyíká ilé, dúró níwájú súìṣì rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù méjì. Sábó ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ta màlúù níbẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ èdè Ufẹ̀, àwọn ọmọ Ìlódè gan-an á ní kó rọra, àwọn ò gbọ́ ọ tán.

"Kílófàá! Kí lo jí gbé tí o ń yọ́ rìn?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Fàòsíyà. Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń tan pọ́ǹpù yìí ní irú àkókò yìí?"

"Kí ni kí àwọn olùkírun mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé yìí fi ṣe àlùwàlá? Itọ́? Mo máa ń fa omi kún táǹkì kí ìrun Àílà tó tó."

Fisáyọ̀mi sún mọ́ ọn. "Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Jímọ̀? Èrò pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹ̀! Bí aago méjìlá bá ti lù, mo ti ń múra. Kí ló fà á tí o fi ń béèrè?"

Ìyá Fàòsíyà bú sẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. "Áà, àrùn rẹ ti ràn mí!"

Fisáyọ̀mi ti gbé fóònù sétí. "Ẹ̀lóò, Bàbá! Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti ṣubú o. Mo fẹ́ máa..."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan yín."

"Sábẹ́ kí ni?"

"Itan, Bàbá! Ẹ jókòó lé e. Ìyá Fàòsíyà, ẹ bá mi pa á."

Pọ́ǹpù dákẹ́. Láti inú fóònù, Bàbá kígbe: "Ó dìde! Èmi ò fọwọ́ kàn án o, ó dìde fúnra rẹ̀!"

"Ẹ tún un tàn."

*Gbì-ì-ì-ì!*

"Ó ṣubú! Háà! Kílófàá, ọwọ́ ń yún mi!"

"Ẹ pa á."

"Ó dìde!"

Ìyá Fàòsíyà ń wo súìṣì, ó ń wo fóònù. "Ṣé ẹ̀yin èèyàn yìí ń fi pọ́ǹpù mi ṣeré ni? Omi ò tíì dé ìdajì táǹkì."

Ìdí ọ̀rọ̀ rèé: wáyà iná kan náà ló ń bọ́ pọ́ǹpù àti òòfà. Bí pọ́ǹpù bá gbá iná mu, ebi á pa òòfà, bíìmù á yà. Bàbá á fi nọ́bù dá a padà. Bí wọ́n bá wá pa pọ́ǹpù, òòfà á yó ju bó ṣe yẹ lọ, bíìmù á yà sí òdì kejì, Bàbá á tún dá nọ́bù padà síbi tó wà. Kòtò méjì. Ihò imú.

Nígbà tí Fisáyọ̀mi padà wọlé, Bàbá ò tíì yọ ọwọ́ lábẹ́ itan.

"Wọ́n gbé pọ́ǹpù yẹn wá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́fà! Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń darúgbó bí èmi. Àṣé pọ́ǹpù ni mo ń bá jà."

"Lọ́la, mo máa sọ ti pọ́ǹpù fún Prófù, Bàbá. Mi ò ní sọ ti nọ́bù."

Bàbá yọ ọwọ́, ó ń ṣí ìwé gígùn náà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ojú ìwé kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àlejò mẹ́ta dé láti Àbújá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Adérónkẹ́ ló ṣáájú wọn. Prófù ti wọ kóòtù, ó ti fọ ọ̀nà ọ̀fun tó ìgbà méje kí wọ́n tó dé ìdí tábìlì. Fisáyọ̀mi ṣàlàyé Alóre, ó sì sọ ti pọ́ǹpù, ó fi aago gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n.

"Ẹ̀hẹ́ẹ̀ẹ̀m," ni Prófù wí. "Ìtàn dídùn. Ṣùgbọ́n tí pọ́ǹpù bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, kí ló fà á tí ìwé Bàbá ò fi rí i rí?"

Gbogbo ojú yí sí Fisáyọ̀mi. Òun tó ń fi kí-ló-fà-á da gbogbo ayé láàmú, wọ́n ti wá fi í bi òun náà, ó sì mọ ìdáhùn, kò sì lè sọ ọ́. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Aago ara ògiri ń lọ: méjìlá kọjá mẹ́sàn-án. Prófù ti na ọwọ́ sí wáyà Alóre.

*Gbì-ì-ì-ì* láti ẹ̀yìn ilé.

Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Àyànlọ́wọ̀ fò lọ sí nọ́bù bó ṣe máa ń fò. Ó dúró lójú ọ̀nà. Bàbá fi ọwọ́ òsì mú un, bí ẹni tó mú ọmọ tó fẹ́ sá wọ títì, ó fà á padà, ó fi yọ gègé nínú fìlà. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé gígùn, ó sì sọ ọ́ sókè:

"Mẹ́tà-dín-lógún."

Lójú Alóre, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni mẹ́tàdínlógún.

"Prófù, ẹ wá wò ó," ni Bàbá wí. "Ẹlẹ́rìí méjèèjì ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé mi ò rí i torí pé èmi kì í jẹ́ kó rí i. Bó bá ti ṣubú, mo máa ń fi nọ́bù gbé e dìde kí n tó kọ ọ́. Àwọn tó kọ́ mi ò kọ aburú sílẹ̀, èmi náà ò kọ ọ́. Ọmọ yìí mọ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sìdè. Ó ń bò mí láṣìírí ni."

Prófù na ọrùn, ó wo ìwé gígùn, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

Dókítà Adérónkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, ó ń wo nọ́bù. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé láti ọdún mẹ́fà, ìka méjì yìí lẹ fi ń mú bíìmù dúró, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?"

"Èmi gan-an ò mọ̀, ọmọ mi."

"Níbòmíràn, sọfitíwíà ni wọ́n ń kọ fún iṣẹ́ yẹn." Ó yíjú sí Fisáyọ̀mi. "Alóre yín ń rí bíìmù. Ṣé ó ń rí ọwọ́ Bàbá?"

Fisáyọ̀mi gbé orí sókè. "Kò tíì rí i, mà," ló wí, ojú rẹ̀ sì ti ń tàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ti wọlé, kò ní jáde mọ́.

Prófù yọ ọwọ́ kúrò nídìí wáyà. "Ẹ̀hẹ́ẹ̀ẹ̀m. Ẹ... ẹ máa fi í síbẹ̀."

Nǹkan méjì ló yí padà lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyá Fàòsíyà gbà láti máa fa omi ní aago méje àárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. ("Ẹ̀ bá ti sọ láti ọdún mẹ́fà! Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?") Fisáyọ̀mi sì so wáyà kejì mọ́ nọ́bù Bàbá, tó fi jẹ́ pé ìlà méjì ni Alóre ń fà: pupa fún bíìmù, àwọ̀ ewé fún ọwọ́.

Ní Mọ́ńdè, gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń dúró de aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Pọ́ǹpù ò dún. Ìlà pupa tọ́ gbọọrọ. Ó ku mẹ́jọ. Ó ku méje. Lójijì ni ìlà pupa já wálẹ̀, yọ́ọ̀ọ̀.

"Ó tún ṣubú!" ni Bàbá kígbe. "Kò sí pọ́ǹpù! Kí ló fà á?"

Fisáyọ̀mi ti ń rẹ́rìn-ín, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń nawọ́ sí ìlà aláwọ̀ ewé. Ìlà náà ti fò sókè díẹ̀, bí ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, kí pupa tó já.

Bàbá wo ìlà. Ó wo ìka rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n wà lórí nọ́bù, tí òun ò mọ ìgbà tí wọ́n débẹ̀. Ó ká wọn kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó yọ gègé nínú fìlà, ó wo aago, ó kọ mọ́kànlélógún sínú ìwé gígùn, ó sì fi lẹ́tà róbótó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: *Ọwọ́ mi ni.*